Ẹ Fi Èjí Sílẹ̀, Ẹ Wo Ọmọ Tí Eyín Rẹ̀ Kò Pàdé

Ọ̀rọ̀ eyín la gbé dé lónìí, inú sì ń bí wa bí a ṣe ń kọ ọ́.

Ohun méjì ló ń bí wa nínú. Èkíní ni pé nínú ọgbà yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ tí eyín rẹ̀ pé, tó ń fọ́ egungun ẹran bó ṣe wù ú, ń tu owó jọ kó lè so wáyà mọ́ eyín, nítorí pé ó rí i lẹ́nu ẹnì kan lórí Instagram. Èkejì ni pé ní Aradagun, létí òpópónà tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, ọmọ ọdún 10 tí eyín òkè rẹ̀ kò pàdé ti ìsàlẹ̀ ń fọwọ́ bo ẹnu ní kíláàsì, kò sì sí ẹni tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé dókítà wà fún irú rẹ̀. Ẹni tí kò nílò ìtọ́jú ń rà á bí ẹni ra bàtà ọdún. Ẹni tó nílò rẹ̀ kò tilẹ̀ gbọ́ pé ó wà. Ìjà tí a gbé wá sí ojúde yín nìyẹn.

A ti mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ dókítà? Ẹ lọ máa to òwe yín." Ó kàn wá gan-an ni. Ẹnu ni oko wa. Ẹni tó bá ti jókòó sí kíláàsì ẹ̀kọ́ ìró èdè mọ̀ pé àfeyínfètèpè ni wọ́n pe /f/, nítorí pé eyín òkè ló ń kan ètè ìsàlẹ̀ kí ó tó jáde. Ó mọ̀ pé àfèrìgìpè ni /s/, àfàjàfèrìgìpè sì ni /ṣ/, ahọ́n sì gbọ́dọ̀ dúró sí ààyè rẹ̀ lẹ́yìn eyín kí afẹ́fẹ́ tó lè gba ojú ihò tóóró kọjá. Tí eyín iwájú kò bá pàdé, ahọ́n lè yọ sí àlàfo, afẹ́fẹ́ á fẹ́ gbalaja, /s/ á sì di ohun mìíràn lẹ́nu ọmọ. Tí àwa tó ń ka ìwé ìró èdè kò bá rí ìyẹn, ta ni yóò rí i?

Pàṣán kì í to eyín

Díẹ̀ nínú wa lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní agbègbè Aradagun. A kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì tí kì í fẹ́ kàwé sókè. Bí ó bá di dandan kó kà á, /s/ rẹ̀ á máa fẹ́ yẹẹ. Olùkọ́ rẹ̀ ní Ẹ̀gùn tí wọ́n ń sọ nílé ló ń da Yorùbá rẹ̀ rú, ó sì nà án ní pàṣán méjì kó lè gbàgbé Ẹ̀gùn. Ẹ gbọ́ o: /s/ wà nínú Ẹ̀gùn. Nígbà tí a ní kí ọmọ náà sọ Ẹ̀gùn fún wa, /s/ ti Ẹ̀gùn náà fẹ́ yẹẹ bákan náà. Nígbà tó ya ẹnu, tó sì pa eyín dé, a rí i pé eyín ẹ̀yìn rẹ̀ pàdé, ṣùgbọ́n àlàfo tí ìka lè wọ̀ wà láàárín eyín iwájú òkè àti ti ìsàlẹ̀. Kò lè gé àgbàdo sísè lára ṣùkù. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló fi ń bù ú jẹ.

Kíláàsì kan náà ni ọmọkùnrin kan wà tí eyín òkè rẹ̀ yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí ètè rẹ̀ kò lè pàdé. Òkété ni wọ́n ń pè é. Àwọn olùkọ́ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ní Yorùbá, orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Irú ìjánu wo ni Òkété?

Kì í ṣe olùkọ́ kan ṣoṣo la ń bá wí. Ohun tó ṣe é ló ṣe gbogbo wa. A ní orúkọ ẹlẹ́yà tó pọ̀ fún eyín tó ṣì, a kò sì ní ọ̀rọ̀ kan gbòógì tí a lè fi sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé, "Mọ́mì, ohun tó ń ṣe ọmọ yín nìyí, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ sì nìyí."

Bí eyín ṣe yẹ kó pàdé

Ẹ jẹ́ ká là á mọ́lẹ̀. Eyín ọmọdé jẹ́ 20, ti àgbà sì jẹ́ 32. Ní nǹkan bí ọdún 6, eyín ńlá àkọ́kọ́ nínú eyín àgbà máa ń hù lẹ́yìn eyín ọmọdé, eyín iwájú náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Tí ẹnu bá pa dé, eyín òkè yẹ kó bo ti ìsàlẹ̀ díẹ̀ yíká, bí ọmọrí ṣe ń bo ẹnu ìkòkò. Tí ọmọrí bá tóbi ju ìkòkò lọ, tó kéré jù ú lọ, tàbí tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọbẹ̀ ṣì lè jinná o, ṣùgbọ́n a ti mọ̀ pé ìkòkò àti ọmọrí kò bá ara wọn mu. A lè pe bí eyín ṣe ń bá ara wọn pàdé ní ìpàdé eyín, ká sì pe èyí tó ṣì ní ìṣìpàdé eyín. Ọ̀rọ̀ tiwa nìyẹn. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.

Kí ló ń fà á? Púpọ̀ jẹ́ àjogúnbá: bí egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ṣe gùn tó sí ti òkè, bí eyín ṣe tóbi tó sí ààyè tó wà fún un. Mímu ìka náà ń fà á, pàápàá tí ọmọ bá ń bá a lọ títí eyín iwájú àgbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìṣubú àti ọgbẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó dùn wá jù ni èyí tí ẹnu wa ń fà: "Ẹ fi sílẹ̀, eyín ọmọdé ṣáà ni, òmíràn á hù." Kòkòrò jẹ eyín ẹ̀yìn ọmọ ọdún 5, wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbàgbé. Eyín ọmọdé yẹn ló ń di ààyè mú fún eyín àgbà tó ń bọ̀. Bó bá ti kúrò láìtọ́jọ́, eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á wọ́ wá sínú ààyè náà, èyí tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ kò ní rọ́nà gbà, á wá gba ẹ̀gbẹ́ yọ tàbí kó há sínú egungun. Kì í ṣe ayé ló ń ṣe ọmọ náà, kì í sì í ṣe ọ̀tá.

Ní ọdún 1899, ará Amẹ́ríkà kan, Edward Angle, pín ìpàdé eyín sí ọ̀nà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí eyín ńlá òkè ṣe bá ti ìsàlẹ̀ pàdé. Títí di òní, ìpínsísọ̀rí rẹ̀ ni àwọn dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpínsísọ̀rí yàtọ̀ sí ìdájọ́. Ó lè sọ irú eyín tí o ní, kò lè sọ bóyá o nílò ìtọ́jú. Fún ìyẹn, ní ọdún 1989, Brook àti Shaw ní Britain gbé òṣùwọ̀n kan jáde tó ní ìpele márùn-ún. Ìpele 1 àti 2 kò nílò ìtọ́jú tàbí kó jẹ́ díẹ̀. Ìpele 3 wà ní agbede méjì. Ìpele 4 àti 5 ló nílò rẹ̀ gan-an. Ohun tí òṣùwọ̀n náà kọ́ ayé ni ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo àròkọ yìí: eyín tí kò tò lẹ́sẹẹsẹ yàtọ̀ sí eyín tó ń fìyà jẹ olówó rẹ̀.

Ẹni tí kò nílò wáyà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èjí. Àwọn òbí wa ka èjí sí ẹwà. Àwọn kan tí a kò bí èjí mọ́ a máa wá ẹni tí yóò fi irin yún eyín wọn kí àlàfo lè wà. Lónìí, ọmọ ọmọ wọn ń wá ẹni tí yóò dí àlàfo yẹn pẹ̀lú wáyà. Àṣà ló yí, eyín kò yí. Èjí kì í dí ènìyàn lọ́wọ́ láti jẹun, kì í pa erìgì lára, kì í sì í ṣe àìsàn. Tí àgbàlagbà bá wò ó tó ní òun fẹ́ dí i, tó mọ iye tó máa ná òun àti ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, tó sì lọ bá dókítà tó mọṣẹ́, ẹnu rẹ̀ ni, owó rẹ̀ sì ni. Ohun tí a kọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni máa sọ fún ọmọ ọdún 19 pé àbùkù ni èjí rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀yin ìyá, ẹ fara balẹ̀. Láàárín ọdún 7 sí 12, eyín iwájú òkè lè là sọ́tọ̀, kí ó sì tẹ̀ síta díẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ọ̀gàn tó ń bọ̀ nínú egungun ló ń tì wọ́n. Bí ọ̀gàn bá yọ tán, àlàfo náà sábà máa ń dí fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ so wáyà mọ́ ọn ní kíá nítorí àlàfo yẹn nìkan, ẹ béèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, eyín kan tó yí díẹ̀, méjì tó gun ara wọn díẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n á ní kòkòrò á jẹ ẹ́. Ìfọyín dáadáa pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò, àti dídín ṣúgà kù, ló ń dènà kòkòrò. Wáyà kò dènà rẹ̀. Kódà, ẹni tó so wáyà tí kò sì mọ eyín fọ̀ ń pe kòkòrò wá jẹun ni.

Ẹni tó nílò rẹ̀

Níbí ni ká ti dúró pẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń jìyà. Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí lẹ́nu ọmọ, ẹ mú un lọ bá dókítà eyín:

1. Eyín òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ gan-an. Tí àlàfo láàárín wọn bá ju mílímítà 6 lọ, nǹkan bí ìbú pẹ́ńsù ìkọ̀wé, ìpele 4 ló wọ̀. Tó bá ju mílímítà 9 lọ, ìpele 5 ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ọmọ tó ní irú eyín yìí, bó bá ṣubú lórí pápá bọ́ọ̀lù, eyín rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ó rọrùn fún un láti kán eyín ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

2. Eyín ìsàlẹ̀ wà níwájú ti òkè, tàbí eyín ẹ̀yìn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbọ̀n ọmọ ń yẹ̀ sí apá kan bó ṣe ń pa ẹnu dé. Bí a bá fi èyí sílẹ̀ nígbà tí egungun ṣì ń dàgbà, ojú lè wọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

3. Eyín iwájú kò pàdé rárá, bíi ti ọmọbìnrin tí a sọ.

4. Eyín òkè bo ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí eyín ìsàlẹ̀ ń gún àjà ẹnu tàbí erìgì, tó ń dá egbò síbẹ̀.

5. Eyín kan kọ̀ láti hù. Tí ọ̀gàn apá kan bá ti yọ láti oṣù mélòó kan, tí ti apá kejì kò tíì yọ, ó lè ti há sínú egungun, ó sì lè máa jẹ gbòǹgbò eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ láìsí ìrora kankan.

6. Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ètè tàbí àjà ẹnu tó là. Àwọn àjọ bíi Smile Train ń ṣe ìrànlọ́wọ́ fún iṣẹ́ abẹ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò parí sí abẹ. Eyín irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń nílò àtòpadà.

Ìgbà wo ni ká wò ó? Ẹgbẹ́ àwọn dókítà atún-eyín-tò ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé kí wọ́n yẹ ẹnu ọmọ wò kí ó tó kọjá ọdún 7. Wọn kò ní kí a so wáyà mọ́ ọmọ ọdún 7 o. Wíwò ni wọ́n sọ. Púpọ̀ nínú ìtọ́jú ń dúró di ìgbà tí eyín àgbà bá ti hù, bí ọdún 11 sí 14. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọn kò gbọdọ̀ dúró, bíi àgbọ̀n tó ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ìka mímu bá sì ni ó fa àlàfo iwájú, tí ọmọ náà bá tètè jáwọ́, àlàfo náà lè dínkù láìsí wáyà rárá. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Àwa Yorùbá kò tilẹ̀ nílò kàlẹ́ńdà Amẹ́ríkà. Gbogbo wa la ju eyín sórí òrùlé nígbà tó kọ́kọ́ yọ, wọ́n sì kìlọ̀ fún wa pé kí aláǹgbá má rí àlàfo ẹnu wa. Ọjọ́ yẹn, ní nǹkan bí ọdún 6 tàbí 7, ni ó yẹ kí ìyá, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ní kí ọmọ ya ẹnu, kó pa eyín dé, ká wò ó. Aláǹgbá má rí i, ṣùgbọ́n kí òbí rí i.

Wáyà ojú pópó

Ó kù sí ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń so wáyà ní ṣọ́ọ̀bù onírun. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín nìyí.

Wáyà kì í ti eyín bí ẹni ti mọ́tò. Ó ń rọra fún eyín ní ojú kan. Egungun tó wà níbi tí ìfúnpá wà á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, tuntun á sì máa hù lódì kejì. Nítorí náà ni ìtọ́jú fi ń gba nǹkan bí oṣù 18 sí 24, tí ènìyàn sì gbọ́dọ̀ padà lọ bá dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ mẹ́jọ. Bó bá parí, a tún gbọ́dọ̀ máa lo ohun tí yóò di eyín mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á padà síbi tí wọ́n ti wá. Kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀, á ya àwòrán egungun, á wo gbòǹgbò, á tọ́jú kòkòrò àti erìgì. Bí ìfúnpá bá pọ̀ jù, gbòǹgbò eyín lè kúrú, eyín á sì máa mì.

Ta ni ó yẹ gbòǹgbò wò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń lẹ èékánná? Àwọn kan tilẹ̀ ń ra rọ́bà kékeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi de eyín iwájú méjèèjì kí èjí lè dí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Gbòǹgbò eyín tín-ín-rín nísàlẹ̀, rọ́bà náà á máa yọ̀ gòkè lọ sábẹ́ erìgì, á máa jẹ egungun lọ níbi tí ojú kò tó, títí eyín méjèèjì á fi jábọ́. Àwọn dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn léraléra. Ní Thailand, wáyà onífáàrí yìí gbilẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ débi tí ìjọba fi fòfin dè é. Ẹni tó fẹ́ dí èjí, tó wá pàdánù eyín méjì, ó ti ní èjí tí kò ṣeé dí.

Kí ó tó fọwọ́ kan eyín yín, ẹ béèrè bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà àti dókítà eyín níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà. Bó bá bínú nítorí ìbéèrè yẹn, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Láti Aradagun dé Ìkẹjà

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká gbà pé ìyá ọmọbìnrin yẹn ti gbọ́, ó sì fẹ́. Ibo ló ń lọ? Ilé ìwòsàn ńlá tí àwọn dókítà atún-eyín-tò wà, bíi LASUTH ní Ìkẹjà àti LUTH ní Ìdí-Àràbà, wà lódì kejì ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ ọkọ̀ láti Aradagun gba Agbara, Okokomaiko dé Mile 2 mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí. Ọdún 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti fẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ló parí sí.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọdún 2, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, jẹ́ nǹkan bí ìrìn àjò 17. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyá kò ní pàtẹ, ọmọ kò ní lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, owó ọkọ̀ ènìyàn méjì á jáde ní àlọ àti àbọ̀. A kò tíì sọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú fúnra rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye náírà ní ilé ìwòsàn aládàáni. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Èkó kéde ní ọdún 2024 jẹ́ 85,000 náírà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ẹja àti àgbọn létí òpópónà wa kò sì ní ẹni tó ń san owó oṣù kankan fún wọn.

Ọmọ àbúrò ìyá náà tó wà ní Peckham ńkọ́? Bí kò bá tíì pé ọdún 18, tí òṣùwọ̀n sì gbé eyín rẹ̀ sí ìpele 4 tàbí 5, NHS á tò ó fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá sì jẹ́ fáàrí lásán, NHS á ní kó lọ fowó ara rẹ̀ ṣe é. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tọ́. Ibẹ̀, àìní ló ń pinnu. Níbí, àpò ló ń pinnu. Ohun tó mú kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò nílò rẹ̀ so wáyà, kí ọmọ Aradagun tó nílò rẹ̀ sì máa fọwọ́ bo ẹnu, nìyẹn.

Èsì fún àwọn tó máa ta kò wá

"Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn." Ọlọ́run náà ló dá ojú tí kò ríran dáadáa, ẹ sì ń wọ awò.

"Àwọn baba wa kò so wáyà." Lóòótọ́ ni. Àmọ́ wọ́n yún eyín, wọ́n sì run orin. A kò gbọ́ pé wọ́n ní kí a máa na ọmọ nítorí eyín.

"Ibà ń pa ènìyàn, ẹ ń sọ̀rọ̀ eyín." A gbà pé ibà ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lè gé oúnjẹ, tí kò fẹ́ dáhùn ní kíláàsì, tí wọ́n ń pè ní Òkété láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí ìwé ìṣirò tó ń ka ohun tó ń sọ nù.

"Tí wọ́n bá to eyín rẹ̀, ṣé /s/ á bọ̀ sípò?" Kì í ṣe dandan. Ahọ́n tó ti mọ́ra lè nílò ẹni tí yóò tún un kọ́. Èyí gan-an ni a fi ń sọ pé iṣẹ́ wà fún wa níbẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè

Lọ́wọ́ ìjọba Èkó: kí wọ́n máa rán dókítà eyín tàbí nọ́ọ̀sì eyín wá yẹ ẹnu àwọn ọmọ wò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn Agbara dé Seme, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, kí ó sì jẹ́ pé ọmọ ọdún 6 sí 8 ni wọ́n á fi ṣáájú. Kí ètò Ìlera Èkó sọ ọ́ gbangba pé ọmọ tí ìpàdé eyín rẹ̀ wọ ìpele 4 tàbí 5 yóò rí ìtọ́jú gbà. Kí wọ́n jẹ́ kí dókítà atún-eyín-tò máa wá sí Àgbádárìgì lọ́jọ́ kan lóṣù. Dókítà kan tó wọkọ̀ wá sàn ju ìyá 30 tó wọkọ̀ lọ.

Lọ́wọ́ àwọn olùkọ́: ẹ jáwọ́ nínú orúkọ ẹlẹ́yà. Tí ọmọ kò bá lè pe ìró kan, ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó na ọwọ́ sí pàṣán.

Lọ́wọ́ àwọn òbí: ẹ tọ́jú eyín ọmọdé bí ẹni pé òmíràn kò ní hù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ìka mímu sílẹ̀ kí ó tó pé ọdún 6. Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí.

Lọ́wọ́ àwa fúnra wa: ní ọdún 1970, Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1984, Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, kí a lè rí ọ̀rọ̀ sọ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ní ọdún 2018, ìjọba Èkó sọ kíkọ́ Yorùbá di òfin ní ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ti ṣe tiwọn. A fi èdè-ìperí gbàwé ẹ̀rí, a fi ṣe ìdánwò, a sì pa ìwé dé. Ẹ jẹ́ ká ṣe ojú ìwé kan péré ní Yorùbá àti ní Ẹ̀gùn, pẹ̀lú àwòrán, tó ń sọ nǹkan mẹ́fà tí a kà sókè yìí, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Aradagun, Mowo àti Ajara. Ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ mọ dókítà eyín, ẹ bá wa mú un wá kó yẹ ọ̀rọ̀ wa wò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gùn tó wà láàárín wa, ẹ̀yin la ń dúró dè fún apá Ẹ̀gùn.

Sáà tó ń bọ̀, àwọn mìíràn nínú wa á tún lọ kọ́ni ní òpópónà yẹn. Wọ́n á tún bá ọmọ kan tí kì í fẹ́ kàwé sókè. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ jẹ́ kí ojú ìwé yẹn ti wà lọ́wọ́ wọn.